Báwo ni kí a ṣe wo àwọn àwòrán ẹ̀fẹ̀ Daumier nípa àwọn agbẹjọ́rò àti ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ Faransé?

Olùkọ́ Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Wọ́n ti ní kí n wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ nípa òfin sọ̀rọ̀ lórí àwọn àwòrán tí ayàwòrán ará Faransé nì, Honoré Daumier, yà nípa àwọn agbẹjọ́rò, àwọn adájọ́ àti àwọn tí ọ̀ràn gbé dé kóòtù ní ìlú Paris. Àkójọ tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí wọ́n ń pè ní Les Gens de justice, èyí tí ìwé ìròyìn Le Charivari ń tẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ láti oṣù kẹta ọdún 1845 títí di oṣù kẹwàá ọdún 1848. Ìṣòro mi ni pé n kò gbọ́ èdè Faransé, mo sì ti ṣàkíyèsí pé nígbà tí mo bá fi àwọn àwòrán náà han ènìyàn, wọn a rẹ́rìn-ín sí imú gígùn àti ẹnu tó ya gbàgà, wọn a sì ṣí i kọjá. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, àwọn wo ni kí n mú, kí sì ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ kí ojú rẹ̀ tó lè là sí ohun tó wà níbẹ̀? Ẹnì kan tún fún mi ní ojú ìwé kan tó rà ní Paris, tí ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn wà lẹ́yìn rẹ̀. Inú mi yóò dùn bí ẹnikẹ́ni bá lè sọ bí a ṣe ń mọ ojúlówó.

Olùtọ́jú Ìwé, London

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, Olùkọ́. Ilé ìkówèésí ni iṣẹ́ mi, àwọn àwòrán tí a fi òkúta tẹ̀ láyé àtijọ́ sì jẹ́ ohun tí mo fẹ́ràn dénú. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1845, nítorí pé Daumier ti mọ kóòtù dé gbòǹgbò kí ó tó dé ibẹ̀.

Marseille ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1808. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni kí ó máa fi gíláàsì sí fèrèsé, ṣùgbọ́n ewì ni ọkàn bàbá náà wà, ìrètí pé ewì yóò gbé òun ga ló sì mú kí ó kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Paris. Ewì kò bọ́ wọn, nítorí náà ọmọ náà ní láti tètè wá iṣẹ́ ṣe. Iṣẹ́ tó rí ni ti ọmọ tí ń sáré jíṣẹ́ kiri fún òṣìṣẹ́ kóòtù kan, irú àwọn tí ń fi ìwé ìpẹ̀jọ́ lé ènìyàn lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù onígbèsè. Ojú ọmọdé ló fi kọ́kọ́ rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí òfin bá wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1831, ó ya ọba Louis-Philippe gẹ́gẹ́ bí òmìrán tí wọ́n ń gbé owó àwọn tálákà gun pákó gígùn kan lọ dà sí i lẹ́nu, tí oyè àti ìwé àṣẹ sì ń jábọ́ láti abẹ́ àga rẹ̀ fún àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà àti owó ìtanràn 500 francs fún un, wọ́n sì mú un lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Sainte-Pélagie ní oṣù kẹjọ ọdún 1832. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ èyí dáadáa, pé ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti dúró níwájú adájọ́ rí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a fẹ̀sùn kàn ló ya àwọn àwòrán tí wọ́n fẹ́ wò.

Lẹ́yìn èyí, kí ẹ fi àwòrán kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn ẹ̀fẹ̀ La Caricature ní oṣù karùn-ún ọdún 1835 hàn wọ́n. Àkókò náà ni wọ́n ń ṣe ẹjọ́ ńlá fún àwọn tó dìtẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1834 ní Lyon, ní Paris àti ní àwọn ìlú mìíràn, níwájú ilé ìgbìmọ̀ àwọn ọlọ́lá tí ó di ilé-ẹjọ́ fún wọn. Daumier ya olùjẹ́jọ́ kan tí wọ́n fi aṣọ dí lẹ́nu, tí àwọn ọkùnrin alágbára dì mú, adájọ́ wá ń fi ọwọ́ àti ẹ̀rín músẹ́ ṣàlàyé fún un pé ó ní òmìnira láti sọ tẹnu rẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ nípa kóòtù, èyí ló gbóná jù lójú mi.

Ní oṣù keje ọdún kan náà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fieschi gbìyànjú láti pa ọba, nígbà tó sì di oṣù kẹsàn-án ìjọba ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ àwòrán jáde láìkọ́kọ́ gba àṣẹ. La Caricature kógbá sílé. Daumier àti ọ̀gá rẹ̀, Charles Philipon, kò dákẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n yí ojú kúrò lára ọba, wọ́n sì kọjú sí ìgbésí ayé ojoojúmọ́ nínú Le Charivari: onílé àti ayálégbé, oníṣòwò ẹlẹ́tàn, oníṣègùn, àti àwọn aláṣọ dúdú inú kóòtù. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá mọ ìtàn yìí, wọn kò ní rò pé àwòrán ọdún 1845 kàn jẹ́ eré.

Atúmọ̀-èdè, Àjàṣẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olùtọ́jú Ìwé, ọ̀rọ̀ wọn ti la ọ̀nà sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni ti ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àwòrán, nítorí pé ibẹ̀ ni Olùkọ́ sọ pé ìṣòro wà.

Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán wọ̀nyí, àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé ìròyìn ló kọ wọ́n, kì í ṣe Daumier. Nítorí náà ni mo ṣe ń gba yín níyànjú pé kí ẹ fi bébà bo ọ̀rọ̀ náà ná, kí akẹ́kọ̀ọ́ wo àwòrán fúnra rẹ̀, kí ó sọ ohun tó rí, kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ náà fún un ní Yorùbá. Nígbà púpọ̀, ohun tí ẹnu ń sọ àti ohun tí ojú ń rí kì í bá ara wọn mu, àárín àwọn méjèèjì ni ẹ̀sùn tí ayàwòrán fẹ́ kà sí wọn lọ́rùn wà. Ẹ wo èyí tí agbẹjọ́rò kan ti ń gbèjà ọmọ òrukàn tí wọ́n fẹ́ jà lólè ogún. Ó gbà pé ọmọ náà kì í ṣe ọmọdé mọ́, nítorí pé ó ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ṣùgbọ́n ó ní òrukàn náà ṣì ni. Ó wá parí rẹ̀ pé ọkàn òun balẹ̀ nítorí pé ojú ìdájọ́ òdodo là sílẹ̀ nígbà gbogbo sí iṣẹ́ àwọn ẹni ibi. Ẹ wá gbé ojú sókè wo àwọn adájọ́ tó ń bá sọ̀rọ̀: wọ́n ti sùn lọ fọnfọn lórí àga wọn. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ nìkan yóò rí ìwàásù, ẹni tó bá sì wo àwòrán nìkan yóò rí àwọn àgbà tí oorun ń kùn.

Èkejì tí mo fẹ́ kí ẹ má ṣe fò ni ti adájọ́ àti olè. Ọkùnrin náà ti jẹ́wọ́ pé ebi ló mú òun jalè. Adájọ́ dá a lóhùn pé ìyẹn kì í ṣe àwíjàre, nítorí pé fẹ́rẹ̀ẹ́ẹ́ lójoojúmọ́ ni ebi ń pa òun náà, òun kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ jalè. Ẹ fi ara sanra adájọ́ wé ara ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí kíláàsì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó béèrè ohunkóhun.

Ẹ tún sọ fún wọn nípa aṣọ. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Nàìjíríà yóò máa wá irun funfun tí wọ́n ń dé sórí, kò sì ní rí i, nítorí pé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Àwọn ti Faransé ń wọ ẹ̀wù dúdú gígùn tó gbòòrò lápá, pẹ̀lú aṣọ funfun kékeré tó rọ̀ sílẹ̀ lọ́rùn, àti fìlà dúdú. Àwa tí a wà ní orílẹ̀-èdè Benin mọ ẹ̀wù náà dáadáa, àwọn agbẹjọ́rò wa ń wọ irú rẹ̀ lọ sí kóòtù títí di òní.

Àgbà Agbẹjọ́rò, Abẹ́òkúta

Mo kí gbogbo yín. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ òfin, mo sì ti wo púpọ̀ nínú àwọn àwòrán yìí láti ìgbà tí mo ti wà léwe nídìí iṣẹ́ náà. N kò bínú sí Daumier, ṣùgbọ́n Yorùbá ní a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà, nítorí náà mo fẹ́ kí Olùkọ́ gbọ́ tẹnu àwọn aláṣọ dúdú náà.

Ẹ wo èyí tí agbẹjọ́rò méjì ti ń múra nínú yàrá aṣọ. Ọ̀kan sọ fún èkejì pé ohun tí ìyẹn rò níwájú ilé-ẹjọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn nínú irú ẹjọ́ kan náà gan-an ni òun fẹ́ fi ta kò ó lónìí, èkejì sì fèsì pé ohun tí òun náà gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà ni òun yóò fi dá a lóhùn, ni wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa yóò ní èké ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Ẹnu ẹni tó gbà á níṣẹ́ ni agbẹjọ́rò fi ń sọ̀rọ̀. Kò búra pé ohun tí òun gbàgbọ́ nínú ọkàn òun ni òun yóò máa rò. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó dá a lójú pé kò jẹ̀bi nìkan ni agbẹjọ́rò lè gbèjà, a jẹ́ pé òun ti di adájọ́ kí adájọ́ tó jókòó, ọ̀pọ̀ ẹni tí ayé ti dá lẹ́bi kò sì ní rí ẹni tí yóò bá wọn sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi gba èyí tí agbẹjọ́rò ti ń yọ̀ pé paraku ọ̀daràn ni oníbàárà òun, nítorí pé iyì tí òun yóò gbà yóò pọ̀ bí òun bá lè gbà á sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sùn tó lágbára. Ìgbéraga wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀daràn náà ti rí ẹni tó fẹ́ jà fún un tọkàntọkàn.

Èyí tó dùn mí, tí n kò sì lè gbèjà, ni èyí tí oníbàárà ti pàdánù ẹjọ́, tí agbẹjọ́rò rẹ̀ wá ń sọ fún un pé òótọ́ ni pé ó pàdánù, ṣùgbọ́n yóò ti gbádùn bí òun ṣe rojọ́ náà tó. Irú èyí ni kí ẹ fi sí iwájú àwọn ọmọ náà. Mo ti rí i lójú ayé, kò sì sí ẹ̀rín níbẹ̀ fún ẹni tí wọ́n gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀.

Atúmọ̀-èdè, Àjàṣẹ́

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín lọ́gbọ́n nínú, mo sì rò pé ó yẹ kí Olùkọ́ kà á fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́. Ohun kan péré ni mo fẹ́ bá yín jiyàn lé lórí, èyí sì ni ti yàrá aṣọ. Àwa Yorùbá ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àwọn méjì tó ni ẹjọ́ náà yóò ti ibẹ̀ jáde bí ọ̀tá, ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ wọn má kí ara wọn mọ́, àmọ́ àwọn méjì tó ń rò ó fún wọn ń bọ́ aṣọ, wọ́n ń wọ aṣọ, wọ́n sì ń bá ara wọn ṣeré. Bí mo ṣe rí i, kì í ṣe pé wọ́n pààrọ̀ ẹnu ni ayàwòrán bá wí. Ó bá wọn wí nítorí pé wọn kò rántí ẹni tí yóò san owó ọ̀rọ̀ náà. Nínú àwòrán yẹn, a kò rí oníbàárà kankan, àìsí rẹ̀ níbẹ̀ ló sì jẹ́ kí ẹ̀rín wọn korò.

Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi bí mo bá ń wo àkójọ náà nìyí: níbo ni oníbàárà wà? Ẹ ó rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé e lórí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ń kọ́ ọ ní bí yóò ṣe ṣe ojú. Ọ̀kan wà tí agbẹjọ́rò ti rọ ara sẹ́yìn sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbèjà, tó ń sọ fún un pé ọ̀rọ̀ burúkú ni agbẹjọ́rò ìjọba ń sọ sí i yìí, nítorí náà kí ó gbìyànjú láti sunkún, kí ojú kan ṣoṣo tilẹ̀ dami, nítorí pé ó máa ń ṣe ẹjọ́ lóore. Ẹkún ṣe pàtàkì nínú ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó béèrè bóyá inú ẹni náà bàjẹ́ ní tòótọ́.

Ayàwòrán, Èkó

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ọwọ́ tó ya á, nítorí pé ẹ ti sọ̀rọ̀ òfin púpọ̀.

Orí òkúta pẹlẹbẹ ni Daumier ń fi ẹfun dúdú ọlọ́ràá yàwòrán sí. Wọn a wá fi omi rin òkúta náà, omi kò ní dúró níbi tí ọ̀rá bá wà, yíǹkì yóò sì lẹ̀ mọ́ ibi ọ̀rá nìkan, nígbà náà ni wọn a gbé bébà lé e, wọn a sì tẹ̀ ẹ́. Ohun tí èyí fún un ni pé ó lè lo dúdú láti orí èyí tó rọ̀ bí èéfín títí dé èyí tó ṣú biribiri, kò sì sí ibi tó ti lo ẹ̀bùn yìí dáadáa tó ara ẹ̀wù agbẹjọ́rò. Ẹ sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n wo apá ẹ̀wù náà nígbà tí agbẹjọ́rò bá na ọwọ́ sókè: aṣọ náà tóbi ju ènìyàn inú rẹ̀ lọ, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ó sì ń gba gbogbo àyè tó yẹ kí oníbàárà wà. Aṣọ funfun kékeré ọrùn àti bébà ọwọ́ nìkan ló ń tàn.

Ojú wọn náà kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1832 sí 1835, Daumier fi amọ̀ mọ orí àwọn òṣèlú àti àwọn gbajúmọ̀ ìgbà náà, ó sì kùn wọ́n láwọ̀. Mẹ́rìndínlógójì nínú wọn wà ní Musée d'Orsay ní Paris báyìí. Ọ̀kan nínú àwọn tó mọ ni André Dupin, tó jẹ́ agbẹjọ́rò ńlá kí ó tó di olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ẹni tó ti fi ọwọ́ tẹ imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n nínú amọ̀ mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bà lé wọn, ìdí nìyẹn tí ojú àwọn ènìyàn rẹ̀ fi dà bí ohun tí a lè dì mú. Olùkọ́, bí ẹ bá lè rí fọ́tò àwọn orí amọ̀ náà, ẹ gbé ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán agbẹjọ́rò, kí wọ́n wo méjèèjì pọ̀.

Fún ọ̀rọ̀ ìrìn àti ìdúró, ẹ mú èyí tí àwọn agbẹjọ́rò ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ńlá ààfin ìdájọ́, pẹ̀lú ìwé lábẹ́ apá àti àgbọ̀n lókè. Wọn kò ya ẹnu níbẹ̀ rárá, síbẹ̀ ẹ ó mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́.

Olùkọ́ Ìbàdàn

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run yóò san yín lẹ́san. Ó ti yé mi pé n óò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún 1835, n óò bo ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán, n óò sì ní kí wọ́n wá ibi tí oníbàárà wà. Ọ̀rọ̀ Bàbá Agbẹjọ́rò náà yóò wà níbẹ̀ kí àríyànjiyàn lè wáyé. Ìbéèrè méjì ló kù. Níbo ni mo ti lè rí àwọn àwòrán náà láìsan owó? Ojú ìwé ọwọ́ mi ńkọ́? Òkè rẹ̀ ni wọ́n kọ Les Gens de justice sí pẹ̀lú nọ́ńbà, mo rí «Chez Aubert» nísàlẹ̀, lẹ́tà h.D. sì wà lára àwòrán fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn tó wà lẹ́yìn hàn dé iwájú díẹ̀, ìyẹn ló sì ń kọ mí lóminú.

Olùtọ́jú Ìwé, London

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn náà bà yín lọ́kàn jẹ́. Nínú ìwé ìròyìn Le Charivari, ara ojú ìwé gan-an ni wọ́n ń tẹ àwòrán sí, ọ̀rọ̀ tàbí ìpolówó ọjà sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀rí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn jẹ́ pé inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti yọ ọ́. Ilé ìtẹ̀wé Aubert tún ń tẹ irú àwòrán kan náà sórí bébà funfun tó dára jù, láìsí ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, fún àwọn tó fẹ́ kó wọn jọ sínú álíbọ́ọ̀mù, wọ́n sì máa ń fi ọwọ́ kun òmíràn láwọ̀. Ti bébà funfun ni àwọn olùkójọ máa ń fi owó púpọ̀ rà, ṣùgbọ́n ti ìwé ìròyìn ni àwọn ará Paris kà nílé kọfí, èyí sì ni mo yàn láàyò.

Ohun tí ẹ ní láti ṣọ́ra fún ni ẹ̀dà tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà láti inú fọ́tò. Ẹ mú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, kí ẹ wo ibi tí dúdú ti rọ̀, bí ara ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ògiri. Bí ẹ bá rí àmì tótòòtó tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni tò wọ́n pẹ̀lú rúlà, ẹ̀dà ìwé òde òní ni. Bí ó bá jẹ́ pé ipa ẹfun ni ẹ rí, tí kò dọ́gba, tí ó nípọn níbì kan tí ó sì fẹ́lẹ́ níbòmíràn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé orí òkúta ló ti wá. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi wé àkọsílẹ̀ Loys Delteil, ẹni tó fún àwòrán Daumier kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà náà ni àwọn oníṣòwò máa ń kọ pẹ̀lú lẹ́tà LD tàbí D. Oníṣòwò tí kò bá lè sọ nọ́ńbà Delteil ohun tó ń tà, tí kò sì jẹ́ kí ẹ rí ẹ̀yìn bébà náà, ẹ má ṣe bá a dúnàádúrà.

Láti rí wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ lọ sí Gallica, èyí tó jẹ́ ibi tí ilé ìkówèésí ìjọba Faransé ń kó àwọn ìwé rẹ̀ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó rí Le Charivari fúnra rẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ọjọ́, ẹ ó sì rí ìròyìn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ àwòrán. Daumier Register, àkójọ iṣẹ́ Daumier mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, náà wúlò púpọ̀, nítorí pé wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán sí èdè Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Yunifásítì Brandeis ní Amẹ́ríkà ní àkójọ ńlá tí a lè wò pẹ̀lú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin, Ifẹ̀

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n dá sí i, nítorí pé irú àwọn èmi ni Olùkọ́ fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ohun tí èmi yóò fẹ́ mọ̀ ni ohun tí òfin wí nígbà náà. Ṣé tálákà lè rí agbẹjọ́rò? Kí ló dé tí gbogbo ẹni tó wọ ẹ̀wù dúdú fi jẹ́ ọkùnrin?

Àgbà Agbẹjọ́rò, Abẹ́òkúta

Ọmọ mi, ìbéèrè rẹ dára. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 1808 pàṣẹ pé ẹni tí wọ́n bá gbé wá sí ilé-ẹjọ́ àwọn ọ̀ràn ńlá, níbi tí àwọn aráàlú ti ń jókòó pẹ̀lú adájọ́, kò gbọdọ̀ wà láìní agbẹjọ́rò. Bí kò bá yan ẹnì kan, adájọ́ yóò yan ọ̀kan fún un. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ilé, ilẹ̀, ogún tàbí gbèsè, owó ọwọ́ rẹ ni yóò sọ bí ohùn rẹ ṣe máa dún tó. Oṣù kìíní ọdún 1851 ni wọ́n tó ṣe òfin tó dá ètò ìrànlọ́wọ́ sílẹ̀ fún aláìní tó bá ní ẹjọ́, èyí sì jẹ́ lẹ́yìn tí àkójọ yìí ti parí. Nítorí náà, bí o bá rí opó tàbí àgbẹ̀ nínú àwòrán tó di ìwé mọ́ àyà, tó ń tẹ̀lé agbẹjọ́rò lẹ́yìn, mọ̀ pé ohun tó ti san kọ́ ni yóò san kẹ́yìn.

Ní ti àwọn obìnrin, oṣù kejìlá ọdún 1900 ni òfin Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí wọ́n máa rojọ́. Jeanne Chauvin, ẹni tó ti jà fún ẹ̀tọ́ náà fún ọdún púpọ̀, wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó búra. Ní ayé Daumier, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn tàbí òǹwòran nìkan ni obìnrin lè jẹ́ nínú kóòtù. Ẹ wo àwòrán agbẹjọ́rò kan tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ó ń gbèjà opó àti ọmọ òrukàn, àfi nígbà tó bá jẹ́ pé opó àti ọmọ òrukàn ló ń gbéjà kò. Opó náà kò lè dìde sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ bí agbẹjọ́rò, bẹ́ẹ̀ ni kò lè yan obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀.

Mo tún padà sí ohun tí Atúmọ̀-èdè sọ nípa oníbàárà tí kì í fọhùn. Mo ti rò ó, mo sì fara mọ́ ọn. Olùkọ́, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú àwòrán kan, kí ó sì kọ ojú ewé kan gẹ́gẹ́ bí oníbàárà inú rẹ̀: ohun tó bá wá sí kóòtù, iye tó ti ná, ohun tí wọ́n sọ fún un àti èyí tí wọn kò sọ. Iṣẹ́ yìí yóò ṣe wọ́n láǹfààní ju kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín sí imú adájọ́ lọ.

Ayàwòrán, Èkó

Mo fara mọ́ iṣẹ́ tí Bàbá dá lábàá yìí gan-an. Bí àyè bá wà, ẹ fi kún un pé àwọn agbẹjọ́rò kò kúrò lọ́kàn Daumier lẹ́yìn ọdún 1848. Ó tún padà sí wọn nínú àwọn àkójọ mìíràn ní nǹkan bí ọdún 1851, nígbà tó sì dàgbà, ó fi ọ̀dà olómi àti yíǹkì yà wọ́n láìsí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ wọn. Nínú àwọn wọ̀nyẹn, ẹ̀fẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Agbẹjọ́rò, olùjẹ́jọ́ àti ìmọ́lẹ̀ ló kù. Èyí yóò dára fún ìparí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yín, nítorí pé kò ní sí ọ̀rọ̀ tí ẹ ó bò.

Olùtọ́jú Ìwé, London

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu mi, nípa ojú ìwé yín. Ẹ má ṣe fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, ẹ má sì gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ti ń wọlé, nítorí pé bébà ìwé ìròyìn ń pọ́n, ó sì ń gbó kíákíá. Nínú òjò Ìbàdàn, ọ̀rinrin ló máa ń kọ́kọ́ bà á jẹ́, nítorí náà kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sáàárín bébà tí kò ní ásíìdì, níbi gbígbẹ, kí ó má ṣe fara kan gíláàsì bí ẹ bá fi sínú férémù. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fún kíláàsì, kí ẹ sì mú ojúlówó wá lọ́jọ́ náà, tiwájú tẹ̀yìn, kí wọ́n lè rí ìpolówó ọjà tó wà lẹ́yìn agbẹjọ́rò náà pẹ̀lú ojú ara wọn.